Nígbà Tí Àìsàn Ọpọlọ Bá Wọ Ilé Onígbàgbọ́: Ìtọ́sọ́nà fún Ìdílé àti Ìjọ

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ìdílé Onígbàgbọ́ tí ọmọ, ọkọ, ìyàwó tàbí àbúrò wọn ti ń sọ̀rọ̀ tí kò lórí tí kò nídìí, tí oorun ti dá lójú rẹ̀, tí ó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tàbí tí ìrẹ̀wẹ̀sì ti mú débi pé ìwẹ̀ àti oúnjẹ ti di ẹrù fún un. Ó wà pẹ̀lú fún olùṣọ́-àgùntàn àti àwọn alàgbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà nínú ìjọ wọn. Mo gbà pé ẹ ó gbàdúrà, mo sì gbà pé ẹ ó lọ sí ilé ìwòsàn. N kò ní fi àkókò yín ṣòfò lórí èwo ló yẹ kí a yàn nínú méjèèjì. Ohun tó ń kó ọ̀pọ̀ ìdílé sí wàhálà ni bí wọ́n ṣe ń tò wọ́n, nítorí pé àwọn iṣẹ́ ìsìn kan tí kì í pa ẹni tí ara rẹ̀ le lára, pàápàá ààwẹ̀ àti àìsùn, lè ti aláìsàn ọpọlọ padà sínú ohun tó ti ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí dókítà rí i

Kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni wá ṣe ìtúsílẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí pé kì í ṣe gbogbo ohun tó ń da orí ènìyàn rú ló bẹ̀rẹ̀ láti inú ọpọlọ. Ibà tó le lè mú kí ènìyàn máa sọ ìsọkúsọ. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ tó lọ sílẹ̀ jù, wárápá, àìsàn thyroid (ẹ̀yà ara kan tó wà lọ́rùn), àrùn tó ti ran ọpọlọ, igbó, kólórádò àti tramadol, gbogbo wọn lè fara hàn bí wèrè, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ìbéèrè tó jinlẹ̀ ni a sì fi ń mọ ìyàtọ̀. Àwọn ọ̀ràn kan wà tí kò gbọdọ̀ di ọjọ́ kejì: ẹni tí ara rẹ̀ gbóná tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì dàrú, ẹni tí kò jẹ tí kò mu, ẹni tó ń sọ pé òun fẹ́ kú, àti obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tí kò sùn mọ́, tí ó sì ń sọ pé wọ́n ti pààrọ̀ ọmọ òun. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni a máa ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú jù, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀mí ìyá àti ti ọmọ wà nínú ewu níbẹ̀.

Ilé ìwòsàn ìjọba tó wà nítòsí yín lè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Ẹ̀ka ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ wà ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH n'Ìbàdàn, ilé ìwòsàn ti ìjọba àpapọ̀ tó wà fún àìsàn yìí nìkan sì wà ní Aró l'Abẹ́òkúta àti ní Yábà l'Ékòó, ti Yábà sì ti wà láti 1907. Mo mọ̀ pé orúkọ Aró àti Yábà ti di èébú lẹ́nu àwa Yorùbá, pé ọ̀pọ̀ ìyá kò sì fẹ́ kí ará àdúgbò rí káàdì ibẹ̀ lọ́wọ́ àwọn. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń wọ ẹnubodè ibẹ̀ lówùúrọ̀ ló ń rí dókítà, tí wọ́n ń gba oògùn, tí wọ́n sì ń wọ bọ́ọ̀sì padà sílé kí oúnjẹ alẹ́ tó jinná.

Ẹni tó ń bá a gbé ni kí ó tẹ̀ lé e lọ, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n tó ti ìlú òkèèrè dé lánàá. Kí ẹni náà kọ ìtàn àìsàn náà sínú ìwé kó tó kúrò nílé, nítorí pé ohun tí dókítà fi ń ṣiṣẹ́ jù ni ìtàn. "Ó kàn ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ ni" kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ohun tó wúlò ni irú èyí: ọ̀sẹ̀ tí ìdánwò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni kò sùn mọ́, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó ní àwọn tí wọ́n jọ ń gbé yàrá ń ka ọkàn òun, ó yọ fóònù rẹ̀ kúrò lórí iná, ó fi aṣọ bo dígí, kò mu igbó rí, àmọ́ àbúrò bàbá rẹ̀ ní irú nǹkan báyìí nígbà kan. Ẹ kó gbogbo oògùn tó ti ń lò dání, títí kan àgbo àti omi tí wòlíì fún un, ẹ má sì fi ìkankan pamọ́ nítorí ìtìjú.

Bí kò bá fẹ́ lọ, ẹ má ṣe tàn án pé ìgbéyàwó ni ẹ ń lọ. Irọ́ yẹn yóò ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà kò tún ní gba ẹnikẹ́ni nínú yín gbọ́, pàápàá bí ìfura bá ti jẹ́ ara àìsàn rẹ̀. Ẹ mú ohun tí òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ó ń ni òun lára, kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ìyá lè sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Mo rí i pé o kò sùn láti ìjẹta, ojú rẹ ti pọ́n. Jẹ́ ká lọ rí dókítà, kí wọ́n fún ọ ní nǹkan tí o máa fi sùn." Ọmọ lè sọ fún bàbá rẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá mi, ẹ bá mi lọ, èmi ni ọkàn mi kò balẹ̀." Ọ̀rọ̀ oorun máa ń rọrùn láti gbà ju ọ̀rọ̀ orí lọ.

Ohun tí ẹ ó sọ fún ẹbí àti fún ìjọ

Kò ní pẹ́ tí ẹnìkan yóò fi sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ ayé ni, pé kí ẹ dá oògùn dúró, kí ẹ gbé e lọ sórí òkè. Ẹ má bínú sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ náà ní ìtàn láàárín wa. Nígbà ìsọjí tí Àpọ́sítélì Joseph Ayọ̀ Babalọlá bẹ̀rẹ̀ ní Iléṣà ní 1930, ọ̀pọ̀ ènìyàn ju oògùn ìbílẹ̀ àti ti òyìnbó nù, wọ́n gba ìwòsàn nípa àdúrà nìkan. Nígbà tí wọ́n rí i pé àwọn míṣọ́nnárì tó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá bá wọn ṣiṣẹ́ ń lo kúínì fún ibà, ọ̀rọ̀ náà wà lára ohun tó tú àjọṣe wọn ká ní nǹkan bí 1939 sí 1941. Ìgbàgbọ́ àwọn baba wọ̀nyẹn kì í ṣe ohun tí a ń fi ṣẹ̀fẹ̀. Ṣùgbọ́n Hesekáyà Ọba náà gba ìlérí ìwòsàn láti ẹnu wòlíì, wòlíì kan náà ló sì ní kí wọ́n mú ìṣù ọ̀pọ̀tọ́ wá, kí wọ́n fi lé ojú oówo rẹ̀. Ó wà nínú ìwé Àìsáyà, orí 38. Bí ìyá àdúrà bá ní, "Ẹ̀yin ò nígbàgbọ́ ni?" ẹ lè dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Mọ́mì, ìgbàgbọ́ wa kò dín. A ń fẹ́ kí ẹ máa gbàdúrà fún un nídìí oògùn rẹ̀ ni." Ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò gbà, torí pé ẹ fún wọn ní iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe.

Àwọn ibi kan wà tí ẹ kò gbọdọ̀ fi í sí rárá, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára pátákó iwájú ilé. Ní 2019, àjọ Human Rights Watch gbé ìròyìn jáde nípa àwọn aláìsàn ọpọlọ tí wọ́n rí nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ní Nàìjíríà, ní ilé ìwòsàn ìbílẹ̀, ní ibùdó àwọn Mùsùlùmí àti ní ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú. Bí ẹ bá débi kan tí wọ́n ń fi ẹ̀wọ̀n de ènìyàn, tí wọ́n ń na ènìyàn kí ẹ̀mí lè jáde, tí wọ́n ń fi ebi pa á, tí wọ́n ní kí ẹbí má wá bẹ̀ ẹ́ wò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tàbí tí wọ́n gba oògùn lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ mú ènìyàn yín kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní 2023, èyí tó rọ́pò òfin tí ìpilẹ̀ rẹ̀ ti wà láti 1916, fún aláìsàn ọpọlọ ní ẹ̀tọ́ láti gba ìtọ́jú tó bọ̀wọ̀ fún un gẹ́gẹ́ bí ènìyàn. Àwọn àgbà sì ti wí tipẹ́ pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Oorun, oúnjẹ àti oògùn

Ẹ ka Ìwé Àwọn Ọba Kìíní, orí 19, láìkánjú. Èlíjà sá wọ inú aginjù, ó jókòó sábẹ́ igi, ó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Áńgẹ́lì tó wá bá a kò bá a wí, kò sì bi í léèrè ẹ̀ṣẹ̀ tó dá. Ó jẹ́ kí ó sùn, ó fún un ní àkàrà àti omi, ó tún jẹ́ kí ó sùn, ó tún fún un ní oúnjẹ, ó ní ìrìn àjò náà pọ̀ jù fún un. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ Ọlọ́run tó bá a lórí òkè. Bí ìdílé bá lè fi bí áńgẹ́lì náà ṣe tò ó yìí ṣe àwòṣe fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, wọ́n ti ṣe púpọ̀.

Oorun ló ṣíwájú. Ẹni tí àìsàn rẹ̀ máa ń mú kí inú rẹ̀ ru sókè, tí ó ń sọ̀rọ̀ yàràyàrà, tí ó ń náwó nínàákúnàá, tí ó sì ń sọ pé òun kò nílò oorun, òru kan ṣoṣo tí kò sùn lè tó láti tún gbé àìsàn náà dìde. Nítorí náà, kí ó má lọ sí àìsùn títí dókítà rẹ̀ yóò fi ní ó lè lọ, àní bí ó tilẹ̀ jẹ́ àìsùn ìparí ọdún. Ẹ lè gbàdúrà pẹ̀lú rẹ̀ ní agogo méje alẹ́, kí ẹ sì jẹ́ kí ó sùn ní agogo mẹ́sàn-án. Kí olùṣọ́-àgùntàn fúnra rẹ̀ sọ ọ́ fún un pé òun ti dá a sílẹ̀ kúrò nínú àìsùn, nítorí bí ó bá jẹ́ ẹnu ìyàwó rẹ̀ nìkan ló ti gbọ́, ọkàn rẹ̀ yóò máa dá a lẹ́bi.

Ààwẹ̀ náà ńkọ́? Kí ẹ̀yin gbà á fún un, kí òun máa jẹun. Ọ̀pọ̀ oògùn ọpọlọ kò dára lórí ikùn òfìfo, ìgbà tí a bá sì pa oúnjẹ jẹ ni a máa ń pa oògùn jẹ pẹ̀lú. Èyí tó léwu jù ni ti ẹni tó ń lo lithium, oògùn tí wọ́n fi ń mú kí inú tó ń ru sókè balẹ̀: bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá gba ààwẹ̀ gbígbẹ tí omi ara rẹ̀ sì lọ sílẹ̀, oògùn náà lè pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí ó di májèlé. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ń gbọ̀n gan-an, tí ó ń bì, tí ó ń ṣu ìgbẹ́ gbuuru, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já geere mọ́, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, kí ẹ sì sọ orúkọ oògùn náà fún wọn.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹgbẹ́ àdúrà mọ̀, torí pé ó ti mú kí wọ́n na ọ̀pọ̀ aláìsàn láìṣẹ̀. Láàárín ọjọ́ mélòó kan tí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ oògùn bíi haloperidol, tí wọ́n ń fún ẹni tí orí rẹ̀ dàrú tàbí tó ń gbọ́ ohùn, ọrùn rẹ̀ lè lọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lè gan, ahọ́n lè nà síta, ojú rẹ̀ sì lè yí sókè kí ó dúró síbẹ̀. Lójú ẹni tí kò mọ̀, bí ẹ̀mí àìmọ́ ṣe ń fara hàn gẹ́lẹ́ nìyẹn, ibẹ̀ ni ariwo "Jáde!" sì ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Iṣan ara ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí oògùn náà. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní abẹ́rẹ́ àti oògùn oníhóró tó ń tú u ká kíákíá. Benzhexol, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní Artane, wà lára wọn. Ẹ má pa oògùn náà tì fúnra yín, ẹ padà lọ bá dókítà kí ó dín in kù tàbí kí ó pààrọ̀ rẹ̀. Bákan náà ni fún itọ́ tó ń dà, ara tó wúwo, oorun àsùnjù àti sísanra: ìpalára oògùn ni wọ́n, dókítà sì gbọ́dọ̀ gbọ́ nípa wọn.

Ẹ so àkókò oògùn mọ́ àdúrà ìdílé. Nínú ilé kan tí mo mọ̀, abọ́ kékeré kan wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bíbélì àti ìwé orin. Bàbá yóò ka ẹsẹ Bíbélì, ìyá yóò bu omi, ọmọkùnrin wọn yóò mú hóró tirẹ̀ nínú abọ́ náà, yóò gbé e mì, lẹ́yìn náà ni wọn yóò ṣe àmín. Ẹnikẹ́ni kì í bi í pé, "O ti lo oògùn rẹ?" bí ẹni ń bi ọ̀daràn.

Bí ẹ ó ṣe máa gbàdúrà pẹ̀lú rẹ̀

Kí àdúrà kúrú, kí ohùn lọ sílẹ̀, kí ó sì jẹ́ lórí ohun tó fẹ́ gan-an: oorun, ìfọ̀kànbalẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ má sọ àsọtẹ́lẹ̀ lé e lórí, ẹ má sì dárúkọ ẹni tó ṣe é. Ẹni tó ti ń fura sí ìyá ọkọ rẹ̀ nínú àìsàn kò nílò wòlíì tí yóò bá a fi òǹtẹ̀ lù ú.

Bí ó bá ní Ọlọ́run ń bá òun sọ̀rọ̀ tàbí pé òun ni Kristi, ẹ má bá a jiyàn, ẹ má sì gbè é lẹ́yìn. Ẹ bi í ní ohun tó ń rò lọ́kàn nípa rẹ̀: "Mo gbọ́. Ṣé ohùn náà ń dẹ́rù bà ọ́? Kí ló ní kí o ṣe?" Ìdáhùn ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ni kí ẹ fi etí sí jù, nítorí bí ohùn náà bá ń pàṣẹ pé kí ó pa ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn lára, ilé ìwòsàn ló kàn.

Ti ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì mú yàtọ̀. Òun ni yóò sọ fún olùṣọ́-àgùntàn pé òun ti ṣẹ̀ sí Ẹ̀mí Mímọ́, pé kò sí ìdáríjì fún òun mọ́. Kò sí ẹsẹ Bíbélì tí ẹ lè kà tí yóò borí ọ̀rọ̀ náà lọ́jọ́ yẹn, torí pé àìsàn náà ló ń sọ ọ́. Bí ara rẹ̀ bá ti ń yá, ọ̀rọ̀ náà yóò máa rọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ jókòó tì í, ẹ ka Sáàmù 42 fún un tàbí Sáàmù 88 tó parí nínú òkùnkùn, kí ó mọ̀ pé irú ọ̀rọ̀ tirẹ̀ wà nínú Ìwé Mímọ́, pé wọn kò yọ ọ́ kúrò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ fún un pé kí ó "gbára dì" tàbí kí ó ka ìbùkún rẹ̀. Ẹ bi í lójúkojú bóyá ó ti ń ronú àtikú. Ìbéèrè náà kì í gbin èrò náà sí i lọ́kàn. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kí ẹnìkan wà lọ́dọ̀ rẹ̀ tọ̀sán tòru, kí ẹ kó oògùn kòkòrò, oògùn eku àti gbogbo oògùn ilé kúrò níbi tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó, kí ẹ sì gbé e lọ rí dókítà.

Iṣẹ́ tí ìjọ yóò pín láàárín ara wọn

Ní 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Aró tí gbogbo ayé wá kọ́. Dípò kí ó ti aláìsàn mọ́lé, ó ṣètò kí wọ́n máa gbé ní àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, pẹ̀lú ó kéré tán ìbátan kan tí yóò máa gbọ́únjẹ fún wọn, tí yóò máa fọ aṣọ wọn, tí yóò sì máa mú wọn lọ gba ìtọ́jú lójú ọ̀sán. Àwọn ará abúlé bá wọn ṣeré, wọ́n bá wọn ṣiṣẹ́ oko. Ohun tí ìjọ lè ṣe fún aláìsàn ọpọlọ nìyí gan-an, kò sì ná wọn tó owó ìpàgọ́ àdúrà kan.

Kí ẹ yan ènìyàn díẹ̀, kì í ṣe gbogbo ìjọ. Kí ẹnìkan máa bá ìdílé lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ ìpàdé dókítà, nítorí pé ìjókòó ibẹ̀ pẹ́, ìyá tó dá lọ yóò rẹ̀. Kí ẹgbẹ́ ìyá pín oúnjẹ láàárín ara wọn. Kí ẹnìkan máa kó àwọn ọmọ lọ sílé ìwé. Kí àpótí àánú máa san owó oògùn tààrà fún ilé oògùn, torí pé ibi tí owó ti tán ni ìtọ́jú ti sábà máa ń dúró, ìdílé kì í sì fẹ́ sọ ọ́. Kí ẹnikẹ́ni má kéde rẹ̀ lórí pẹpẹ, kí ẹnikẹ́ni má sì fi orúkọ rẹ̀ sórí WhatsApp ẹgbẹ́ àdúrà láìgba àṣẹ rẹ̀.

Nígbà tí ara rẹ̀ bá ń mókun, ẹ fún un ní iṣẹ́ kékeré padà: kí ó to àga, kí ó jókòó láàárín akọrin láìdá kọrin. Ẹ má sáré gbé e jáde fún ẹ̀rí. Ọkùnrin Gerasa inú Máàkù orí 5, nígbà tó jókòó tó wọṣọ tí iyè rẹ̀ sì bọ̀ sípò, ó fẹ́ tẹ̀ lé Jésù. Jésù ní kí ó lọ sílé, sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀. Ẹ̀rí tí wọ́n fa ẹlòmíràn jáde láti jẹ́, níbi tó ti pariwo pé òun ti da oògùn nù, ti dá òun àti àwọn tó gbọ́ ọ padà sí wọ́ọ̀dù.

Oògùn lẹ́yìn tí ara ti yá, àti ìwé kan

Ìgbà tí ara bá yá ni àkókò tó léwu jù, torí pé ìgbà náà ni oògùn máa ń dà bí ẹni pé kò wúlò mọ́. Fún ìrẹ̀wẹ̀sì, ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé ni kí a máa lo oògùn lọ fún oṣù 9 sí 12 lẹ́yìn tí àmì àìsàn ti lọ. Fún ẹni tí orí rẹ̀ dàrú fún ìgbà àkọ́kọ́, ó kéré tán oṣù 12. Ẹlòmíràn yóò lò ó pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́jẹ̀ ríru ṣe ń lo tirẹ̀. Bí hóró ojoojúmọ́ bá ń sú u, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà nípa abẹ́rẹ́ tí a máa ń gbà lóṣooṣù. Ọwọ́ dókítà ni dídáwọ́ rẹ̀ dúró wà, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n sì ń ṣe é.

Nígbà tí orí rẹ̀ bá ti pé dáadáa, ẹ jókòó pẹ̀lú rẹ̀, kí òun fúnra rẹ̀ sọ, kí ẹ̀yin sì kọ, ohun mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó kọ́kọ́ ń yí padà kí àìsàn tó dé: bóyá oorun rẹ̀ ni, bóyá ó máa ń pa fóònù, bóyá ó máa ń bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ orúkọ oògùn rẹ̀ àti iye tó ń lò sísàlẹ̀, orúkọ ilé ìwòsàn àti nọ́ńbà káàdì rẹ̀, àti ẹni tó fẹ́ kí ẹ pè bí ó bá tún bẹ̀rẹ̀, nítorí pé lọ́jọ́ náà ó lè má fẹ́ rí ìyá rẹ̀, kí ó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́nu. Kí òun fọwọ́ sí i. Kí ẹ̀dà kan wà nínú Bíbélì ìdílé, kí ẹ fún olùṣọ́-àgùntàn ní ọ̀kan bí ó bá gbà bẹ́ẹ̀, kí ẹni tí yóò gbé e lọ sí ilé ìwòsàn sì ní ọ̀kan nínú fóònù rẹ̀.